Bernadette: Ìgbálẹ̀ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa, ẹ ó rí ihò kan tí wọ́n fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì mọ, tí ère obìnrin kan dúró sí inú rẹ̀. Aṣọ funfun ni a fi wọ ère náà, ọ̀já aláwọ̀ ojú ọ̀run ni ó gbà mọ́ ìbàdí, ó sì pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí ń gbàdúrà. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ère ọmọdébìnrin kan a sábà máa wà níbẹ̀ tí ó kúnlẹ̀, tí ó fi ìborùn borí, tí ó gbójú sókè. Kò sí ẹni tí kò mọ èyí tí ó wà lókè: Màríà Wúńdíá ni, ìyá Jésù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bí mo bá bi àwọn ọmọ léèrè pé ta ni èyí tí ó kúnlẹ̀, wọn a máa wo ojú ara wọn. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bernadette Soubirous ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 7, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1844 ni a bí i ní Lourdes, ìlú kékeré kan tí ó wà ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Pyrenees ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ọlọ́lọ ni François baba rẹ̀. Ọlọ tí omi odò ń yí ni ó fi ń lọ àlìkámà fún àwọn ará ìlú. Nígbà tí a bí Bernadette, oúnjẹ kò wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n baba náà kò mọ bí a ti ń sin gbèsè, àánú ìyá náà, Louise, sì pọ̀ ju bí òwò ti fẹ́ lọ. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ a gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ ní àwìn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1854, ọlọ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àrùn onígbáméjì jà ní Lourdes. Ó mú Bernadette. Kò pa á, ṣùgbọ́n ara ọmọ náà kò le mọ́ láti ìgbà náà lọ, àrùn èémí tí kì í jẹ́ kí ó mí délẹ̀ kò sì fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní ọdún 1857, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, baba, ìyá àti ọmọ mẹ́rin, ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo tí ìjọba ti fi ṣe túbú nígbà kan rí. Wọ́n ti pa túbú náà tì nítorí pé kò dára tó fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n pàápàá. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹnìkan jí ìyẹ̀fun ní ilé oníbúrẹ́dì, àwọn ọlọ́pàá sì wá mú François. Kò sí ẹ̀rí kankan. Òṣì rẹ̀ ni ó mú kí wọ́n fura sí i. Ó lo bí ọjọ́ mẹ́jọ ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ti ń wo ọmọ ẹni tí ọlọ́pàá bá wá mú ní ilé.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Bernadette, kò mọ ìwé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n rán an lọ sí Bartrès, abúlé kan tí kò jìnnà, lọ́dọ̀ obìnrin tí ó ti fún un lọ́mú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Àgùntàn ni ó ń dà níbẹ̀. Ní alẹ́, obìnrin náà a máa gbìyànjú láti kọ́ ọ ní kátíkísìmù, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni a fi kọ ìwé náà, èdè ìbílẹ̀ agbègbè Lourdes nìkan ni ọmọ náà sì gbọ́. Obìnrin náà a bínú, a sì sọ pé òpè ni yóò máa jẹ́ títí ayé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1858, Bernadette padà sí ilé fúnra rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ kò sì lè gbà á láìmọ kátíkísìmù. Ní ilé-ìwé àwọn Sístà ní Lourdes, àárín àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n mú un jókòó sí, òun tí ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá.

Mo dúró pẹ́ díẹ̀ lórí gbogbo èyí, ẹ má jẹ́ kí ó sú yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa sáré kọjá ibẹ̀ láti dé ibi ìyanu, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí yàrá túbú náà kò lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 1858, kò sí igi ìdáná mọ́ nínú ilé. Bernadette, àbúrò rẹ̀ Toinette àti ọ̀rẹ́ wọn Jeanne lọ ṣẹ́gi ní ẹ̀bá odò Gave, níbi àpáta tí wọ́n ń pè ní Massabielle. Ibi tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wá sá sí ni. Àwọn méjì yòókù fi ẹsẹ̀ la omi tútù kọjá. Bernadette dúró sẹ́yìn, nítorí ikọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ariwo bí ti ẹ̀fúùfù, ó wo àwọn igi, wọn kò mì. Ó tún wo ihò àpáta tí ó wà lókè, ó sì rí ìmọ́lẹ̀, ó rí ọmọbìnrin kékeré kan nínú ìmọ́lẹ̀ náà, tí ó wọ aṣọ funfun, tí òdòdó rósì aláwọ̀ ìyeyè kọ̀ọ̀kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rù ba Bernadette. Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ Rosárì rẹ̀ yọ nínú àpò, ó fẹ́ ṣe àmì àgbélébùú, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Ìgbà tí èyí tí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ṣe àmì náà ni ọwọ́ tirẹ̀ tó gbéra. Àwọn méjì yòókù kò rí nǹkan kan.

Ìgbà méjìdínlógún ni irú èyí ṣẹlẹ̀, láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ 16, oṣù Keje. Nígbà tí àwọn ará ìlú ti ń pariwo pé Màríà Wúńdíá ni, Bernadette kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó lò nínú èdè rẹ̀ ni Aquero, èyí tí a lè túmọ̀ sí "nǹkan yẹn". Wọ́n bi í, wọ́n tún un bi, kò yí i padà. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ẹnu rẹ̀ sọ, kò fi ọkà kan lé e. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí kò sí ẹni tí ó kà á sí, tí gbogbo ìlú wá ń fẹ́ kí ó pe orúkọ ńlá kan, tí ó sì ní òun kò mọ orúkọ náà.

Ní ìgbà kẹta, ọjọ́ 18 oṣù Kejì, àwọn obìnrin ìlú méjì kan tí wọ́n rí jájẹ bá a lọ. Wọ́n fún un ní ìwé àti kálàmù pé kí ó ní kí ẹni náà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bernadette na kálàmù náà sí ihò àpáta. Ẹni náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò yẹ ní kíkọ. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè lọ́wọ́ Bernadette bóyá yóò ṣe òun lóore kí ó máa wá síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Níhìn-ín ni ohun kan wà tí ọmọ Yorùbá yóò yé ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Èdè Lourdes àti èdè Faransé dà bí tiwa lọ́nà kan: wọ́n ní "ìwọ", wọ́n sì ní "ẹ̀yin" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. "Ẹ̀yin" ni ẹni inú ìmọ́lẹ̀ náà lò fún Bernadette. Kò sọ fún un pé, "Máa wá síbí." Ó bi í bí ẹni bi àgbà: "Ṣé ẹ lè ṣe mí lóore kí ẹ máa wá síbí?" Ìyàlẹ́nu gbáà ni ó jẹ́ fún ọmọ náà, ó sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn lẹ́yìn náà pé "ẹ̀yin" ni ó fi ń pe òun. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sí ẹni tí ó fi bẹ́ẹ̀ pè é rí. Nínú ilé tiwa, ìgbà wo ni àgbà máa ń pe ọmọdé ní "ẹ"? Àfi ìgbà tí ó bá ń fi í ṣe ẹlẹ́yà: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá, ẹ ti jí ni?" Ọmọ náà a sì mọ̀ pé ẹgba ń bọ̀. Kò sí ẹ̀gàn nínú ti Lourdes. Ìyá tí àwọn Àgùdà gbàgbọ́ pé ó ga ju gbogbo áńgẹ́lì lọ bu ọlá fún ọmọ ọlọ́lọ tí ó ti kúṣẹ̀ẹ́.

Èdè tí ó fi bá a sọ̀rọ̀ tún ń kọ́? Kì í ṣe èdè Faransé tí ó wà nínú ìwé kátíkísìmù. Bernadette jẹ́rìí pé èdè ìbílẹ̀ tí òun ń sọ nílé ni, èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú. Èmi tí mo ti rí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá, n kò lè ka ibẹ̀ kí n má dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìrẹ̀lẹ̀ Bernadette jẹ́ ti ojo. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì, Jacomet, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, ní kí wọ́n mú un wá. Ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún un kà fún un, ṣùgbọ́n ó yí àwọn ibì kan padà nínú rẹ̀ láti mú un nínú ọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò mọ ìwé náà ń dá a dúró, ó ń sọ pé òun kò wí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀gá ti yí ọ̀rọ̀ òun padà. Jacomet halẹ̀ túbú mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń sùn nínú túbú lálaalẹ́! Ẹlòmíràn tí kò gbà á gbọ́ gbógun tì í lẹ́yìn èyí, ó sì dá a lóhùn pé wọ́n rán òun láti sọ fún un ni, wọn kò rán òun láti mú un gbà á gbọ́. Kò bú wọn, kò sọkún, kò sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọjọ́ 25 oṣù Kejì le ju ọjọ́ ọlọ́pàá lọ. Àwọn ènìyàn ti pọ̀ ní ihò àpáta nígbà náà. Wọ́n rí Bernadette tí ó ń fi ìka wa ilẹ̀, tí ó bu omi ẹrẹ̀ mu, tí ó fi ẹrẹ̀ náà pa ojú, tí ó sì já ewéko jẹ. A máa ń sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ẹrẹ̀ ni èyí fi wẹ ojú ní gbangba. Àwọn ènìyàn ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn tí ó ti gbà á gbọ́ láàárọ̀ fi ìtìjú lọ sílé. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní Ẹni náà ni ó ní kí òun ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀. Ní ibi tí ó wa yẹn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Ó kọ́kọ́ dọ̀tí, nígbà tí ó yá ó mọ́ gaara. Ìsun náà kò tíì gbẹ títí di òní.

Fadá àgbà ìjọ Lourdes, Peyramale, jẹ́ ènìyàn ńlá tí ohùn rẹ̀ máa ń dún bí àrá. Bernadette lọ jíṣẹ́ fún un pé Ẹni náà ní kí àwọn àlùfáà kọ́ ilé àdúrà síbẹ̀, kí àwọn ènìyàn sì máa tò wá. Fadá náà pariwo mọ́ ọn, ó ní kí ó lọ béèrè orúkọ, kí ó sì ní kí igi rósì inú ihò náà tanná nínú òtútù. Igi náà kò tanná. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, bí 8,000 ènìyàn ni ó péjọ tí wọ́n ń retí iṣẹ́ ìyanu, wọn kò sì rí nǹkan kan àyàfi ọmọdébìnrin kan tí ó ń ka Rosárì. Bernadette kò wá àwáwí.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni orúkọ náà dé. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó tún béèrè, kò dẹ́kun. Ẹni náà la ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, ó tún pa wọ́n pọ̀ ní àyà, ó wo ojú ọ̀run, ó sì ní òun ni Ìlóyún Àìlábàwọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò yé Bernadette. Ó ń tún un sọ lójú ọ̀nà bí ọmọ tí a rán ní ọjà tí kò fẹ́ gbàgbé iye tí wọ́n ní kó rà, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Fadá. Ẹnu ya Peyramale. Ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ péré ni ó ti kọjá tí Póòpù Pius Kẹsàn-án, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1854, kéde rẹ̀ fún gbogbo Ìjọ pé láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí a ti lóyún Màríà nínú ìyá rẹ̀ ni Ọlọ́run ti pa á mọ́ kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kátíkísìmù kò tíì yé kò lè gbé e láti inú ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ náà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Bí ènìyàn bá fẹ́ sọ ẹni tí òun jẹ́, ohun tí ó ti ṣe ni ó máa ń kà: ilé tí ó kọ́, ogun tí ó jà, ìwé tí ó kà. Màríà kò sọ pé òun ni ẹni tí ó bí Jésù, kò sọ pé òun ni ó dúró ní ẹsẹ̀ àgbélébùú. Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un kí ó tó ní ọwọ́ láti fi ṣe nǹkan kan ni ó fi ṣe orúkọ. Bí a ti rí i nínú Ìyìn Rere Lúùkù náà nìyẹn: nígbà tí Èlísábẹ́tì ìbátan rẹ̀ yìn ín, kò gba ìyìn náà dúró, ó darí rẹ̀ sí Ọlọ́run tí ó bojú wo ìrẹ̀lẹ̀ ìránṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Àgùdà, ẹ ti lè gbọ́ pé àwọn Àgùdà ń bọ Màríà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ẹ̀kọ́ Ìjọ wọn wí. Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń sìn. Wọ́n ń bu ọlá fún Màríà, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wọn gbàdúrà, bí ọmọ ti ń bẹ ìyá. Mímọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ. Ẹ̀bùn ni. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé ẹ̀bùn ni gbogbo ohun tí òun ní, kí ni yóò fi máa fọ́nnu?

Bernadette kò lè sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ó gbé e. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1862, Bíṣọ́ọ̀bù Laurence ti Tarbes, lẹ́yìn ìwádìí tí ó pẹ́, kéde pé òtítọ́ ni ìfarahàn náà. Àwọn èrò ń rọ́ wá láti ilẹ̀ Faransé gbogbo. Wọ́n ń fi owó lọ̀ ọ́, ó ń dá a padà, bẹ́ẹ̀ ebi kò tíì kúrò ní ilé wọn. A gbọ́ pé nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gba owó lọ́wọ́ àlejò tí ó bá pọn omi, ó gbá a létí, ó sì ní kí ó lọ dá a padà kíákíá. (Ẹ rí i pé ẹni mímọ́ náà ní ọwọ́ gbígbóná.) Àwọn kan gbé Rosárì wá pé kí ó súre sí i, ó ní òun kì í ṣe àlùfáà, òun kì í wọ ẹ̀wù oyè. Ní ọdún 1864, agbẹ́gilére ńlá kan, Fabisch, gbẹ́ ère tí wọ́n gbé sí ihò náà, èyí tí gbogbo àwọn ère inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nígbà tí Bernadette rí i, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí òun rí nìyẹn.

Ní oṣù Keje ọdún 1866, ó fi Lourdes sílẹ̀ lọ sí Nevers, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, láti di Sístà. Ní ọjọ́ kejì tí ó débẹ̀, wọ́n kó gbogbo àwọn Sístà jọ, wọ́n ní kí ó sọ ìtàn náà fún wọn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n fún un ní orúkọ titun, Marie-Bernard. Kò padà sí Lourdes mọ́ láéláé. Ìyá rẹ̀ kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an, ọjọ́ àjọ̀dún Ìlóyún Àìlábàwọ́n. Baba rẹ̀ kú ní ọdún 1871. Kò rí òkú ẹnìkankan nínú wọn.

Ìyá tí ń tọ́ àwọn Sístà titun sọ́nà ni Marie-Thérèse Vauzou. Ó le mọ́ Bernadette. Ọmọ ilé ire ni, ó kàwé, kò sì lè yé e ìdí tí Màríà Wúńdíá yóò fi fi àwọn Sístà tí a kọ́ dáadáa sílẹ̀ tí yóò lọ fara han ọmọ oko tí kò gbẹ́kọ̀ọ́. N kò fẹ́ kí ẹ kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí ìgbéraga má baà wọ ọmọ tí gbogbo ayé ń yìn, ó sì rò pé ìdójútì ni oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1867 ni àwọn Sístà titun jẹ́ ẹ̀jẹ́ wọn níwájú Bíṣọ́ọ̀bù Forcade. Bí wọ́n ti ń pe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ibi iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń lọ. Nígbà tí ó kan Bernadette, Ìyá Àgbà dáhùn pé kò wúlò fún ohun kankan. Bíṣọ́ọ̀bù pè é, ó bi í bóyá òtítọ́ ni. Ó ní òtítọ́ ni. Bíṣọ́ọ̀bù ní, kí ni a ó wá fi ọ́ ṣe? Bernadette rán an létí pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní Lourdes, nígbà tí ó ń rọ òun láti wá, tí ó sì dáhùn pé ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Bíṣọ́ọ̀bù wá fi iṣẹ́ àdúrà fún un, pé kí ó sì máa ran àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn lọ́wọ́.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọdébìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tí ìwé kò yé. Ní ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé, mo ní kí ó lọ máa fọ ìkòkò lẹ́yìn ilé ìdáná, kí ó má baà kó ìtìjú bá wa. Mo sọ ọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò sí ohun mìíràn tí ó wúlò fún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì lọ. Àwọn alábẹ̀wò yìn wá, wọ́n lọ. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé ìdáná ní ìrọ̀lẹ́, ìkòkò gbogbo dán, ọmọ náà sì ń fi omi tí ó ṣẹ́kù bomi rin òdòdó tí a gbìn fún àlejò. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ọ̀gá kì í bẹ ọmọ. Ìdílé rẹ̀ kó kúrò ní ìlú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, n kò sì tún fojú kàn án mọ́. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà Nevers fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn ara mi ni mo gbọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún ẹni tí kò wúlò náà, ó ṣe é. Ó fọ ọgbẹ́, ó pààrọ̀ aṣọ orí ibùsùn, ó jókòó ti àwọn tí ń kú lọ ní òru, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó mọ bí a ti ń sín ènìyàn jẹ. Ó tún kọ́ bí a ti ń rán aṣọ pẹpẹ, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì dára púpọ̀. Ní ọjọ́ kan, Sístà kan fi àwòrán ihò Lourdes hàn án. Bernadette bi í pé kí ni ènìyàn ń fi ìgbálẹ̀ ṣe. Ó ní, a fi ń gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́? A máa ń dá a padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bernadette ní ìtàn òun nìyẹn: Màríà Wúńdíá lo òun tán, ó dá òun padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, inú òun sì dùn níbẹ̀. Kò sọ pé òun kì í ṣe nǹkan kan. Ìgbálẹ̀ mọ̀ pé òun gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jáde wá sí pálọ̀ láti gba oríire nítorí pé ilẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1876, wọ́n ya ilé ìsìn ńlá tí wọ́n kọ́ sórí àpáta Massabielle sí mímọ́. Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, èrò kún ibẹ̀ bí eṣú. Ẹni tí ó jíṣẹ́ pé kí wọ́n kọ́ ọ wà lórí ibùsùn ní Nevers. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ eegun orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, ìrora náà kì í jẹ́ kí ó sùn. Àwọn kan sọ fún un pé kí ó bẹ̀bẹ̀ fún omi Lourdes. Ó ní ìsun náà kì í ṣe fún òun. Ní Lourdes, Ẹni náà ti sọ fún un pé òun kò ṣèlérí láti mú un láyọ̀ ní ayé yìí bí kò ṣe ní èkejì.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí Ìjọ kéde rẹ̀ ní Ẹni Mímọ́, Ìyá Vauzou, tí ó ti di olórí gbogbo àwọn Sístà Nevers nígbà náà, ní kí wọ́n dúró dìgbà tí òun bá kú. Ó kú ní ọdún 1907. Ní 1908 ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Póòpù Pius Kọkànlá kéde Bernadette ní Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1933. Kì í ṣe nítorí pé ó rí ìran ni Ìjọ ṣe kéde rẹ̀; ẹni tí ó rí ìran lè di ọ̀bàyéjẹ́ lọ́la. Ọdún mẹ́tàlá tí ó lò ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n yẹ̀ wò: ìkòkò àwọn aláìsàn tí ó gbé, ọ̀rọ̀ líle tí kò dá padà, àti ọ̀rọ̀ líle díẹ̀ tí ó dá padà tí ó sì tọrọ àforíjì fún.

Ó kú ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹrin, ọdún 1879, ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni. Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́ nítorí èémí; wọ́n gbé e jókòó sórí àga níwájú ibi ìdáná, àwọn Sístà sì yí i ká, wọ́n ń gbàdúrà sí Màríà. Àdúrà tí gbogbo Àgùdà ń kà nínú Rosárì ni, èyí tí a ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbàdúrà fún àwa ẹlẹ́ṣẹ̀. Bernadette bá wọn kà á. Nígbà tí ó dé ibi "àwa", kò sọ pé "àwa". Ó ní kí Ìyá Ọlọ́run gbàdúrà fún òun, òun òtòṣì ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó béèrè fún omi díẹ̀, ó ṣe àmì àgbélébùú gbọọrọ bí ó ti kọ́ ọ ní ihò àpáta, ó mu omi náà, ó sì tẹ orí ba.